Ògiri lanu, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ wọlé

Oríṣi òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ń wọ ilé alájà mẹ́jọ kan ní Savar, lẹ́yìn odi Dhaka tó jẹ́ olú-ìlú Bangladesh. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wà nísàlẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà wà nísàlẹ̀, àwọn tó ń ránṣọ wà lókè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, báńkì ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun dúró sílé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kò ṣí. Àwọn aránṣọ nìkan ló wọlé, wọ́n sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ilé náà ti wó lé wọn lórí. Ènìyàn 1,134 ló kú, nǹkan bí 2,500 ló fara pa.

Mi ò ní dárúkọ ilé náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí a bá ti gbọ́ orúkọ báyìí, onílé kan ṣoṣo tó burú ni ojú wa máa ń rí, gbogbo ohun yòókù á sì fò wá ru. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò, àti ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe àìmọ̀ ló pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló mọ̀ pé ewu wà. Agbára láti sọ pé "n kò wọlé" ni kò kárí.

Bí ilẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀

Ní àkókò náà, China nìkan ló ń kó aṣọ rírán lọ sí òkè òkun ju Bangladesh lọ. Nínú owó márùn-ún tí ọjà tí orílẹ̀-èdè náà ń tà síta bá mú wọlé, nǹkan bí mẹ́rin ló ń ti ara aṣọ wá. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ obìnrin. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí jẹ́ 3,000 taka, kò tó ogójì dọ́là. Owó yẹn gan-an, ìjà ni wọ́n fi gbà á. Kí àwọn aránṣọ tó daṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì kún títì ní ọdún 2010, owó náà kò ju 1,662 taka àti díẹ̀ lọ, láti ọdún 2006 ló sì ti wà bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹni tó ń dá iye lé iṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣàn wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ olórúkọ ńlá díẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ń ra aṣọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ aránṣọ ló ń du iṣẹ́ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí olùrà kò bá fẹ́ iye tí ẹnì kan pè, á gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé kejì, tàbí sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Olùrà ló ń sọ iye tí òun á san lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan, òun náà ló ń sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ gbéra. Bí ọjà bá pẹ́, ẹni tó rán an ni wọ́n máa ń gé owó lára rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kó fi ọkọ̀ òfuurufú kó o ránṣẹ́ láti àpò ara rẹ̀. Ẹni tí kò lè fi kọ́bọ̀ kan lé iye, tí kò sì lè sún ọjọ́ síwájú, kí ló kù tó lè fún? Àkókò òṣìṣẹ́ ló kù, àti ilé tí òṣìṣẹ́ ń jókòó sí.

Ilé tí à ń sọ yìí, ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ni wọ́n yà á fún. Orí adágún omi tí wọ́n dí ni wọ́n kọ́ ọ lé. Wọ́n fi àwọn àjà òkè lé e láìsí ìwé àṣẹ tó tọ́, wọ́n sì ti ń kọ́ ìkẹsàn-án lọ́wọ́ nígbà tó wó. Ilé-iṣẹ́ aránṣọ márùn-ún ló wà lókè, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ńláńlá, nítorí iná mànàmáná kì í dúró. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lẹ́yìn náà rí i pé ilẹ̀ náà kò le, ohun ìkọ́lé kò péye, ẹrù sì ti pọ̀ ju ohun tí òpó lè gbé.

Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú èyíkéyìí nínú àwọn márààrún. Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Òfin ìgbà náà jẹ́ kí orúkọ àwọn tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kí ìjọba tó fọwọ́ sí ẹgbẹ́ náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì dé ibẹ̀ ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun ti lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan tó máa ń kó àwọn aránṣọ jọ ní agbègbè yẹn, àmì ìyà sì wà lára rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ Savar ló gbọ́.

Ìkìlọ̀ tó ti wá ṣáájú

Ní ọdún 2005, ilé aránṣọ kan ti wó ní Savar kan náà, ènìyàn 64 sì kú. Àjà tí kò sí nínú ìwé àṣẹ wà lára ohun tó wó ìyẹn pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, oṣù márùn-ún péré ṣáájú, iná jó ilé-iṣẹ́ kan ní agbègbè Dhaka, ó kéré tán ènìyàn 112 ló ṣòfò. Aago ìkìlọ̀ dún níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ní kí òṣìṣẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ. Mo fẹ́ kí ẹ dì í mú sọ́kàn, torí ó tún ń bọ̀.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé wọ́n ti se oògùn náà tán. Lẹ́yìn iná mìíràn tó pa ènìyàn ní ìparí ọdún 2010, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti kọ ìwé àdéhùn kan tí á jẹ́ kí àwọn olùrà lọ́wọ́ sí ààbò ilé-iṣẹ́, tí òfin á sì dè wọ́n mọ́ ọn. Kó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, olùrà mẹ́rin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Méjì péré ló ti fọwọ́ sí i nígbà tí ilé wó. Àwọn yòókù ní ètò àyẹ̀wò tiwọn, wọ́n ní ìyẹn tó.

Ètò àyẹ̀wò yẹn náà dé ilé yìí. Ó kéré tán, méjì nínú ilé-iṣẹ́ márùn-ún ni àwọn olùyẹ̀wò ti wọ̀ lórúkọ irú ètò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì kọ ìròyìn. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa ń wo wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ orí òṣìṣẹ́, ìwé owó oṣù. Wíwo òpó kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn, wọn kò sì wò ó. Ẹni tó ka ìròyìn náà ní òkè òkun á gbà pé ilé náà dára, nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó béèrè ilé náà rí.

Ọjọ́ 23

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òpó àti ògiri sán. Kì í ṣe ìsán tí ènìyàn á wá títí. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i, wọ́n sáré jáde, akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n sì wá ya àwòrán rẹ̀. Ẹnjiníà kan wọ inú ilé lọ, ó wò ó, ó ní kí wọ́n tì í pa. Àwọn ọlọ́pàá tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n má ṣí i títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ògiri tí kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ògiri yìí lanu, ó sọ̀rọ̀, ó sì rí ẹni gbọ́.

Onílé wá sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé ilé náà kò ní nǹkan kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ padà wá lọ́la.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rọra wò ó. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ aránṣọ gbọ́ ìkìlọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Báńkì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, kò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Ṣé aláàánú ju ọ̀gá aránṣọ lọ ni ọ̀gá báńkì ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Báńkì lè ti ẹ̀ka kan pa fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí oníbàárà kan ní òkè òkun tó máa gé owó rẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ báńkì á wọlé, ó lọ síbi iṣẹ́ lọ́la o, kò lọ o. Ilé-iṣẹ́ aránṣọ ní tirẹ̀ ní ọjà tó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, ọjọ́ kan tó bá sì fi ṣòfò, òun nìkan ni yóò rù ú.

Òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ gbogbo wọn ńkọ́? Ọjọ́ 24 oṣù ni. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ tí kò tíì gba owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yè é sọ pé àwọn ọ̀gá ní ẹni tí kò bá wọlé kò ní gba owó oṣù náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí òun náà ṣe ṣírò rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà: owó ilé, oúnjẹ ọmọ, gbèsè ọjà àwìn. Tó bá padà sílé, ìyà náà dájú. Tó bá wọlé, bóyá ilé á dúró. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè bá a sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó lè dúró ní ẹnu géètì kó sọ pé gbogbo wa ò wọlé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọwọ́ ló sì wà ní ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ yẹn, tí ìkankan wọn kò lè di èkejì mú.

Wọ́n wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, iná mànàmáná lọ. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lókè gbéra. Ilé náà gbọ̀n, àjà òkè já lu ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo rẹ̀ fi wó palẹ̀.

Lẹ́yìn tó wó

Àwọn ará àdúgbò, àwọn ìbátan àti àwọn tó kàn ń kọjá lọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán wú kọnkéré. Wọ́n ta ìdì aṣọ, aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán níbẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, àwọn tó fara pa sì ń yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn tí wọ́n rí láàyè jáde ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Àwọn tí kò sẹ́ni tó dá ojú wọn mọ̀ ni wọ́n sin sí itẹ́ òkú Jurain ní Dhaka, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ tàbí egungun wọn sílẹ̀, bóyá ìbátan kan á wá bá a mu.

Àwọn olùrà kan ní àwọn kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹni tí àwọn gbé iṣẹ́ fún ló gbé e fún ẹlòmíràn láìsọ fún àwọn. Ibí yìí ni iṣẹ́ ńlá kan ti wáyé tí a kì í sábà yìn: àwọn ajìjàgbara wọ inú àwókù, wọ́n ń ṣa lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rán mọ́ ọrùn aṣọ, wọ́n ń ṣa ìwé iṣẹ́ tó ti kún fún erùpẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì kan tó ní orúkọ lára ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, má dúró de àjálù kó o tó mọ ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń ránṣọ fún. Kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé àdéhùn tí olùrà méjì péré ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ padà jáde, wọ́n tún un kọ, wọ́n pè é ní Accord. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé méjì, IndustriALL àti UNI, fọwọ́ sí i pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Bangladesh. Àwọn olùrà tó wọ̀ ọ́ lé ní igba nígbà tó yá. Iye ìjókòó kan náà ni òṣìṣẹ́ àti olùrà ní nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ILO, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní àgbáyé, sì jókòó sáàárín. Àwọn ẹnjiníà tí kì í ṣe onílé ló ń sanwó fún wọn wọ ilé-iṣẹ́ tó lé ní 1,600, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde fún gbogbo ayé kà. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá tún ilé rẹ̀ ṣe, olùrà gbọ́dọ̀ jáwọ́ lára rẹ̀. Olùrà náà ní ìdè tirẹ̀: iye tó ń san gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí onílé-iṣẹ́ lè fi ṣe àtúnṣe náà. Nígbà tí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ pé ní 2018, ó ti lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn àléébù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti tún ṣe.

Àwọn olùrà kan láti Amẹ́ríkà kò wọ̀ ọ́. Wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, àwọn nìkan sì ló ń darí rẹ̀. Ó ṣe àyẹ̀wò, ó ṣe àtúnṣe, mi ò ní sọ pé kò ṣe. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Lórí Accord, wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe é. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé olùrà méjì lọ sí ilé-ẹjọ́ ìlàjà ní The Hague, wọ́n ní wọn kò jẹ́ kí àtúnṣe yá bó ṣe yẹ. Àwọn méjèèjì wá yanjú rẹ̀ kí ìdájọ́ tó jáde; ọ̀kan san 2.3 mílíọ̀nù dọ́là, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ sí títún àwọn ilé-iṣẹ́ tó lé ní 150 ṣe.

Ẹ fi èyí wé owó ìrànwọ́ àwọn tó kú àti àwọn tó fara pa. Mílíọ̀nù 30 dọ́là ni wọ́n ní á tó, ILO sì ń bójú tó àpò náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ú ló ń dá owó sí i. Oṣù kẹfà ọdún 2015 ni àpò náà tó kún. Fún ọdún méjì, ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúró de ìfẹ́ inú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ta ṣẹ́ẹ̀tì tó rán, tí wọ́n sì ti ná èrè rẹ̀. Ọ̀ràn kan náà, ọdún kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan náà. Apá tí òfin dè sáré, apá tí àánú dè rìn bí ìgbín.

Òfin ìlú náà yí padà díẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2013, wọ́n yọ fífi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ han agbanisíṣẹ́ kúrò. Wọ́n fi òmíràn sílẹ̀: nígbà náà, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹgbẹ́ tó lè wà. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn aránṣọ tún kún títì, wọ́n ní 8,000 taka làwọn fẹ́. 5,300 ni wọ́n fún wọn láti oṣù kejìlá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mú lọ

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ nípa ààbò, a sábà máa ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe dá ewu mọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ Savar dá ewu mọ̀ kí ẹnjiníà tó dé. Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ní ilé-iṣẹ́ yòówù ni pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ lónìí, ta ló lè lọ sílé, ta ni kò lè lọ, kí ló sì dá a dúró? Ìdáhùn rẹ̀ kì í sí lára ògiri. Inú ìwé owó oṣù àti ìwé tí olùrà fi gbé iṣẹ́ wá ló máa ń wà. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń sanwó? Iye ọjọ́ mélòó ni owó òṣìṣẹ́ fi ń wà lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó kàn án? Bí ọjà bá pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ta ni wọ́n ń gé owó lára rẹ̀? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́ta yìí ti mọ ibi tí wọ́n á ti fi ipá mú òṣìṣẹ́ wọlé, kó tiẹ̀ tó wo òpó kan.

Fún ẹni tó ń yẹ ilé wò, ohun tí o kò wò ni kí o kọ sókè ìròyìn rẹ, kí ẹni tó máa kà á rí i kó tó rí ohun tí o yìn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí o ń yẹ̀ wò ló ń sanwó fún ọ, kọ ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tó ń jókòó kọ àdéhùn, ọ̀rọ̀ kan wà nínú Accord tí mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ nígbàkigbà tí wọ́n bá ní ìwé ti gùn jù. Ó ní òṣìṣẹ́ tó bá ní ìdí láti gbà pé ilé léwu lè kọ̀ láti wọ̀ ọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gé owó rẹ̀ tàbí fi ìyà jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti gba àwọn tó dúró ní ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ 24. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti kọ̀ tí kò sọ ẹni tó máa san owó ọjọ́ náà kò ní ṣiṣẹ́ ní ìparí oṣù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó dúró síta nítorí ewu ti dé ibi iṣẹ́, kí wọ́n tẹ káàdì rẹ̀ ní géètì bíi ti ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kí owó ọjọ́ yẹn sì wọlé pẹ̀lú owó oṣù náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìwádìí bá parí.